Ìgò Omi Òkun

Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì ni mo tò sínú ìbọ̀sẹ̀
nígbà tí mo kúrò ní Ìgànná.
Ìyá mi fi ìgò epo-ẹ̀pà kan lé mi lọ́wọ́:
"Bó o bá dé ọ̀hún, bu òkun díẹ̀ wá fún mi.
Wọ́n ní iyọ̀ ni. Mo fẹ́ tọ́ ọ wò kí n tó kú."

Bọ́ọ̀sì já mi sí Àbígi, ọ̀kadà gbé mi dé Ìwopin,
ọkọ̀ ojú omi gbé mi kọjá ọ̀sà.
Ẹni tó jókòó tì mí san ẹgbẹ̀rún kan,
èmi san méjì àbọ̀.
Mo bi awakọ̀, Fẹ̀sọ̀jayé, léèrè ìdí.
Ó ní, "Bàtà rẹ ló sọ iye tó o máa san."
Mo wo bàtà mi. Eruku pupa Òkè-Ògùn ṣì wà lára rẹ̀,
kò tí ì mọ̀ pé orí omi la wà.

Òde-Omi. Iyanrìn, èéfín ẹja,
ilé pákó tó na ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ẹrẹ̀
bíi lékèélékèé.
Màmá Odùkálẹ̀ ló ní yàrá tó pọ́ọ́kú.
Ó kí mi ní Ìjẹ̀bú, mo dáhùn bí wọ́n ṣe ń dáhùn nílé wa,
a dákẹ́, a wo ara wa,
ó fi ìka ka owó fún mi.

Kí n má purọ́: yàrá náà kò dára.
Bí mo bá mí, ibùsùn á ké.
Ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í kọrin kó tó jẹ èèyàn,
iṣẹ́ ló bá wá, iṣẹ́ ló ń ṣe.
Omi kànga dà bí omijé lẹ́nu,
ọṣẹ kò hó nínú rẹ̀.
Lóru, òjò dé. Ihò méje ló wà lára òrùlé, mo kà wọ́n.
Mo gbé abọ́ sábẹ́ méjì, mo gbé ìgò sábẹ́ ìkẹta,
mo rántí, mo yára gbé e kúrò.
Òjò kọ́ ni wọ́n rán mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàtà mi ọ̀tún ti bá omi lọ.
Àwọn ọmọdé ń fi mí rẹ́rìn-ín.
Màmá gbé èbìrípò jáde, ó tú ewé rẹ̀, ó fi ẹja lé e.
Mo na owó sí i, ó bínú gidi.
Ẹni tó gbowó àbẹ́là lọ́wọ́ mi lálẹ́ àná
ni kò gba kọ́bọ̀ lórí oúnjẹ.
Títí dòní n kò tí ì lóye rẹ̀.

Mo fẹsẹ̀ lásán rìn lọ sétí òkun.
Ohun kan ṣoṣo tí mo lè sọ ni pé kò wò mí.
Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ń lá a lálàá,
òun kàn ń wọlé, ó ń jáde,
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.
Ẹ̀rù bà mí. Mo bu ìgò mi kún, mo sá.

Ní oríta Jéfọ́ọ̀, ọlọ́pàá kan gbé ìgò náà sójú oòrùn.
"Ògógóró."
"Omi òkun ni, ọ̀gá."
"Mu ún."
Mo mu ún. Gbogbo ọkọ̀ ń wò mí.
Ikọ́ gbé mi, ojú mi pọ́n,
ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbára lé ìbọn rẹ̀.
"Máa lọ, ará òkè."

Ìgò kò tó ìlàjì mọ́ nígbà tí mo délé.
Ìyá mi ti ìka bọ̀ ọ́, ó lá a,
ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.
"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?"
Mo ní ó ṣì kù lọ́hùn-ún.
Ó dé e, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.
Igba náírà ló kù nínú ìbọ̀sẹ̀ mi.
Lóru ọjọ́ náà, mo gbọ́ tó dìde,
tó tún ṣí i,
tó tún lá a.